Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Múra Ìdánwò Kẹ́mísírì

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì pé, ọgbọ́n nìkan ló kù. Láti SS1 ni wọ́n ti ń sọ fún ọ pé WAEC ń bọ̀. Bí o bá fẹ́ kí ogun tó fi ọdún mẹ́ta pariwo ṣì ká ọ mọ́ ojú oorun, tẹ̀lé ìlànà yìí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Má fo ìkankan.

1. Ya táìmù-tébù.
Ra káádíbọ́ọ̀dù, rúlà àti bírò aláwọ̀ mẹ́rin. Kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Kẹ́mísírì, aago mẹ́rin ìdájí.” Fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kùn ún lọ́dà, kó rẹwà. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ, kí o lè ríbi sùn sí lábẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí á dé, á sì kọjá lọ. Òun náà kò jí ọ.

2. Sọ fún ìyá rẹ pé ò ń kàwé.
Bó bá di Sátidé, ìyá rẹ á pè ọ́ sẹ́yìnkùlé kí o wá bá òun ro ọṣẹ dúdú. Ó ti jó èèpo kòkó di eérú, ó ti sẹ́ omi eérú náà, àdín ti wà lórí iná. Dáhùn láti inú yàrá pé: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́mísírì ni mò ń kà.” Àánú rẹ á ṣe é, á fi ọ́ sílẹ̀. Kí o wá fi fóònù sáàárín ìwé, kí o máa wo bọ́ọ̀lù. Ohun tó bá gbà ni kó gbà, má dé ìdí ìkòkò yẹn.

3. Há a sórí, má bèèrè ìdí.
Sọ ogún ẹ́límẹ́ǹtì àkọ́kọ́ di orin, láti orí hydrogen dé orí calcium. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ẹ́límẹ́ǹtì kẹtàdínlógún, bẹ̀rẹ̀ orin náà láti òkè, kí o máa fi ìka kà á. Ìka ọwọ́ á tán lórí neon, bọ́ bàtà. Chlorine wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ keje. Kí ẹni tó ń ṣọ́ yín má bàa bínú, rí i dájú pé o fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ.

O lè ṣàkíyèsí pé K ni àmì potassium, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí K kankan nínú orúkọ náà. Pa ẹnu mọ́. Bí o bá bi tíṣà, á ní kalium ni wọ́n gé kúrú, á ní inú èdè Lárúbáwá ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, á ní eérú ni. Eérú tún kẹ̀! Ọkàn rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìnkùlé, ìwọ tí o ti sọ pé o kò ní lọ.

4. Ṣe práátíkà bí ẹni ń po sóbò.
Omi inú bùrẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ̀ bí inú igbá. Ọmọ tó fẹ́ yege á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi bá ìsàlẹ̀ igbá náà dọ́gba, á wá kọ 24.00. Ìwọ, dúró ṣánṣán, wò ó látòkè, kọ 24, kó tán. Methyl orange tó wà nínú álíkálì yóò pọ́n bí ìyeyè. Bó bá ti ń di àwọ̀ ọsàn ni àwọn ojo ń yára ti ẹ̀rọ. Ìwọ kì í ṣe ojo. Jẹ́ kí ásíìdì máa ṣàn títí yóò fi pupa fòò.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o ṣe é. Èsì tó ju ẹyọ kan lọ, tí kò fi ju 0.20 cm³ jìnnà síra, ni wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ ní ilé ẹ̀kọ́ kejì ti ní tirẹ̀. Dà á kọ. Pípẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ gba 20 cm³, tìrẹ gba 25. Ọ̀rẹ́ kì í wo ìyẹn.

5. Ra ẹ̀kísípò.
Owó ìwé ni kí o fi rà á. Ẹni tó tà á á fi ìdáhùn Bàọ́lọ́jì ránṣẹ́ sí ọ, tìdùnnútìdùnnú ni kí o gbà á. Èyí tó bá kù, kọ ọ́ wínníwínní sí bébà, sí rúlà, sí àtẹ́lẹwọ́.

Ewu kan wà níbẹ̀ o. Ọmọ kan kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun ti aluminium máa ń yọ́ bí NaOH bá pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í yọ́ nínú àpọ̀jù ammonia. Pé ti zinc ló ń yọ́ nínú méjèèjì. Nígbà tó jókòó nínú gbọ̀ngàn, ó bá a lórí! Kò rí ìdí tó fi fẹ́ yọ bébà. Gbogbo wàhálà ìwé wínníwínní yẹn, òfo. Ẹlòmíràn ni kí o bẹ̀ kó bá ọ kọ tìrẹ.

6. Kọ ìdánwò.
Nínú ìbéèrè 50 tó jẹ́ ká-mú-ọ̀kan, mú C láti òkè délẹ̀. Bí tíọ́rì bá dé, tí wọ́n ní kí o ṣàlàyé bí òróró àti álíkálì ṣe ń di ọṣẹ, wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Òógùn á ti sọ ọ́ di aró. Tún ìbéèrè náà kọ lọ́nà tó dára, kí o fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

7. Padà sílé.
Ìyá rẹ á bi ọ́ pé, “Kí ni wọ́n bi yín?” Má sọ. Wí pé ìbéèrè náà le, pé ohun tí wọn kò kọ́ yín ni wọ́n mú wá. Á ní, “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi.” Á bu omi fún ọ, á gé nínú ọṣẹ Sátidé fún ọ kí o fi ṣan ọwọ́. Gbà á, kí o fi fọ àtẹ́lẹwọ́. Ìdáhùn á ṣí kúrò pátápátá. Ọṣẹ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.