Wọ́n Lọ Wá Ọmọ Èkó Dé Èkó

Ìyá Ṣọlá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí tíì yẹn tutù. Ọmọ yín tó ń fi gìtá dí wa létí ní Thamesmead níbí, tó ní orin rọ́ọ̀kì ò kan Yorùbá, ẹ bi í léèrè: níbo ni Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, ti ṣe Band on the Run? Àpápá ni o! Lọ́dún 1973.

Paul ló ní kí EMI, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ka gbogbo ibi tí wọ́n ní sitúdíò sí láyé fún òun. Ó rí Èkó, ó ní oòrùn á pọ̀ níbẹ̀. Oòrùn wo lóṣù kẹjọ, nígbà òjò? Kí bàálù tó gbéra gan-an, méjì nínú ẹgbẹ́ ti kẹ́rù wọn. Denny Seiwell, onílù, alẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò ló sá, bí onígbèsè tó gbóhùn olówó lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá ku Paul, ìyàwó rẹ̀ Linda, àti Denny Laine. Paul bá gbá ìlù mú fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní kí Paul àti Linda má fẹsẹ̀ rìn lálẹ́, àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ rìn. Làwọn kan bá yọ ọ̀bẹ, wọ́n gba àpò, téèpù orin wà nínú rẹ̀. Bóyá wàásù ni wọ́n fi téèpù yẹn gbà!

Ẹ mọ Ginger Baker? Onílù, ọmọ Lewisham níbí ni, bọ́ọ̀sì 54 láti Woolwich á gbé yín débẹ̀. Òun ló wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà já, tó lọ dá sitúdíò sílẹ̀ n'Íkẹjà. Ó fẹ́ kí Paul wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Orin kan péré ló rí gbà, tóun náà sì ń mi agolo òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kún ìlú, agolo lẹ ń mì!

Kí ni mò ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, Fẹlá. Ó pariwo pé wọ́n wá jí orin ènìyàn dúdú. Paul ní kó wá gbọ́ ohun táwọn ṣe. Ó gbọ́, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n Paul, tó ti fẹ́ lo àwọn olórin Èkó tẹ́lẹ̀, ò pe ìkankan nínú wọn mọ́. Ó padà sí London, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun kan, Remi Kabaka, wá lu ìlù sí “Bluebird”. Ọmọ ibo? Ọmọ Èkó! Òun nìkan ni ọmọ Áfíríkà tó wà nínú àwo náà. Ẹni tó ń wá ọmọ Èkó, kí ló dé tí kò kọ́kọ́ yà sí ọjà Woolwich?

Àwo jáde ní December, nígbà tó di 1974, ọ̀sẹ̀ méje ló fi wà lókè téńté níbí. EMI tilẹ̀ ti kọ lẹ́tà kan sí Paul. Nígbà tó dé ilé ló rí i: ẹ má lọ sí Èkó o, onígbáméjì ń jà níbẹ̀!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà tó ní omi ẹ̀rọ ò ní yọ ládùúgbò wa, ọjọ́ kejì tómi ti dá ló dé ọ̀dọ̀ tèmi.