Fíríìjì Tó Ń Há Yìnyín

Bí fíríìjì àwa tí à ń gbé Amẹ́ríkà bá kọ̀ tí kò da yìnyín jáde mọ́, oníṣẹ́ la máa ń kọ́kọ́ pè, ẹni tí yóò gba owó ẹsẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lójú tèmi, fíríìjì ọ̀hún kì í sábà jẹ̀bi. Àwa la kì í bu yìnyín. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: yìnyín ń bọ́ sínú àpótí kan nínú fíríìsà, irin kan tó lọ́ bí ìwo àgbò wà nínú àpótí náà, mọ́tò sì ń yí irin yìí kó lè ti yìnyín dé ihò ojú ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn tàbí ihò yẹn bá ṣí, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á ráyè wọlé. Ara yìnyín á yọ́ díẹ̀, á tún dì, á sì lẹ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń bù ú lójoojúmọ́, irin náà á máa tú wọn ká. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bù ú, gbogbo rẹ̀ á di òkìtì kan ṣoṣo. Mọ́tò á kùn títí, kò sì ní í rí nǹkan kan tì.

Ta ni ì bá sì bù ú? Ní Chicago, lóṣù January, ìta gan-an máa ń tutù ju inú fíríìjì lọ. Ọkọ ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ìyàwó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tíì ni àwọn méjèèjì ń mu. Àlejò pàápàá gbọ́dọ̀ fi tẹlifóònù tọrọ àyè kó tó yọjú. Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Píọ̀ wọ́tà tí wọ́n tò sí fíríìsà kò tíì dì tán tí ọmọ aládùúgbò fi ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ káàsán mà, màmá wa ní kí ẹ bá àwọn mú áísì bulọ́ọ̀kù kan.” Ẹ̀rọ tó ń fọ́ yìnyín níbẹ̀ ni ilẹ̀ sìmẹ́ńtì: wọ́n á gbé e tòun ti ọ̀rá, wọ́n á là á mọ́lẹ̀, ó parí. Kò gba mọ́tò.

Ẹnìkan lè bi mí bóyá àìsí iná tó ń sọ yìnyín di ọ̀wọ́n níbẹ̀ ni mò ń yìn. Rárá o. Iná tó lọ ti ba ẹja àti ọbẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ilé. Ohun tí mo ń sọ ni pé yìnyín tí gbogbo àdúgbò ń dọdẹ kì í ráyè lẹ̀ pọ̀. Ẹlòmíràn á ní fíríìjì Amẹ́ríkà náà lè bàjẹ́ lóòótọ́, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọdé ló tẹ bọ́tìnnì tó ń tì í pa, tàbí pé ilẹ̀kùn fíríìsà kò pa dé dáadáa, nítorí mọ́tò kì í yí bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Bí àpótí bá ṣófo, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ omi: ẹ wo asẹ́ omi rẹ̀, èyí tí wọ́n ní ká máa pààrọ̀ ní oṣù 6-6. Ṣùgbọ́n bí àpótí bá kún, tí mọ́tò sì ń kùn, ẹ má wulẹ̀ pe oníṣẹ́. Ẹ yọ àpótí, ẹ da yìnyín rẹ̀ nù, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ dáadáa, torí ẹ̀kán omi tó bá kù níbẹ̀ á tún dì. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ohunkóhun nínú fíríìsà. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí gáàsì fíríìsà ṣe ń tú “ṣììì” jáde níbi tí ọ̀bẹ ti gún un kò nílò àlàyé.

“Ṣé ká wá máa mu yìnyín nínú òtútù nítorí ẹ̀rọ ni?” Ẹ má mu ún. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín, kí ẹ da èyí tó wà nínú àpótí nù, kí ẹ wá tan án padà bí ooru bá dé. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣe ìkómọjáde, ẹ tètè tan án láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì ra ọ̀rá yìnyín mẹ́ta kún un ní ṣọ́ọ̀bù, torí àpótí yẹn á ti gbẹ kí wọ́n tó gbé ọmọ jáde.