Wọ́n Wọn Èmi Náà

Ọdún 22 ni mo fi ránṣọ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, láìní ìwé kankan tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Tí mo bá ti fi téèpù yí ènìyàn ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ orí mi nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi a máa ròyìn rẹ̀ fún àlejò bí ẹni ń ki ọba, èmi náà a sì máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé ojú ni mo fi ń wọn ìdajì rẹ̀: oníbàárà ò tíì jókòó tí mo ti mọ̀ pé ìdí yìí, 44 ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ sáíkólọ́jì ní yunifásítì gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ìdánwò kan. Mo fẹ́ mọ bí oníkálukú ṣe ń fọkàn sí nǹkan, bó ṣe ń rántí, bó ṣe ń pinnu." Ẹ̀rín pa mí. Láti ọjọ́ tí mo ti gba fíríìdọ̀mù, n kò tíì rí ènìyàn méjì tí apá wọn gùn dọ́gba. Ẹlòmíràn wà tí apá ọ̀tún rẹ̀ gan-an gùn ju tòsì lọ. Mo ní kó yára, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó kan tán ni, àyà 43, ìdí 44, léèsì yáàdì márùn-ún sì wà lórí tábìlì.

Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ ń kà, kí n máa kà á tẹ̀lé e. Mẹ́ta, mo kà á. Mẹ́rin, márùn-ún, mo kà á. Ó di mẹ́fà, mo ka mẹ́rin, mo fi nọ́ńbà fóònù ọkọ mi dí ìyókù. Ó ní kí n má banú jẹ́, pé George Miller ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ lọ́dún 1956 pé nǹkan bíi méje lorí ẹ̀dá ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ó lè fi méjì lé, ó lè fi méjì dín. Mo ní ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí nìyẹn. Mo bá di ẹ̀bi ru èdè Yorùbá: nọ́ńbà wa ti gùn jù lẹ́nu. Mo rò pé yóò bú sẹ́rìn-ín ni. Ó ní òótọ́ wà níbẹ̀, pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní 1980 lára àwọn tó gbọ́ èdè Welsh àti Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà Welsh ń pẹ́ lẹ́nu, iye tí wọ́n ń rántí ní Welsh sì kéré. Inú mi dùn. Mo ní kó kà á fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Márùn-ún náà ni.

Ó wá ní kí n máa kà á láti ẹ̀yìn: tóun bá ní 2, 9, 6, kí n ní 6, 9, 2. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, n kò mọ̀.

Ti Stroop tó jáde ní 1935 ló kàn. Wọ́n á fi yíǹkì búlúù kọ "pupa", àwọ̀ yíǹkì ni kí o pè, má ka ọ̀rọ̀. Mo pariwo "pupa!" títí ohùn mi fi há. Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré tí ìwé kíkà ṣòro fún ṣe tirẹ̀ bí ẹni mumi. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ni ọ̀rọ̀ ń dí lọ́wọ́. Mo gba ìyẹn bí ìyìn. A tún jà lórí yẹ́lò, tí èmi ń pè ní pupa bí ìyá mi ṣe ń pè é. Kò fún mi ní máàkì.

Káàdì ló dùn mí jù. Ní Iowa, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1994: òkìtì mẹ́rin, A, B, C, D, wọ́n á yá ọ ní 2,000 dọ́là eré, kí o ṣí káàdì 100. A àti B ń san 100, C àti D ń san 50. Ta ló máa yan 50? Mo jókòó ti B. Ó ń san, ó ń san, lójijì ó gba 1,250 lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo tún padà sídìí rẹ̀. Gbogbo aránṣọ ló mọ B: òun ni Àlàájà tó ń gbé aṣọ ẹbí 40 wá, tó ń ki oríkì rẹ, títí ọjọ́ tí yóò fi jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo ṣì ń ránṣọ fún Àlàájà. Nínú káàdì mẹ́wàá, B ń mú 1,000 wá, ó ń kó 1,250 lọ. C àti D ń mú 500 wá, wọn ò gbà ju 250. Ìgbà tí mo ti jẹ gbèsè tán, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kí n ṣí ẹyọ kan sí i, ló tó sọ fún mi.

Ó lọ. Mo fìbínú fa léèsì, mo mú àlùmọ́gàjí: àyà... 34, ìdí 44. Orí tó ti ń ka nǹkan láti ẹ̀yìn kò tíì dẹ́kun. Ká ní ìdí náà yí padà, ǹ bá fura, ṣùgbọ́n kà á síwájú, kà á sẹ́yìn, 44 náà ni.

Lọ́jọ́bọ̀, gáùn kọjá ìdí wẹ́rẹ́, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dé àyà, sípù kọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan fà á, ọmọ iṣẹ́ méjì fà á. Obìnrin náà wo dígí, ó wò mí. "Àǹtí, ṣé èmi lẹ rán eléyìí fún?" Ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì. Mo fowó ara mi ra léèsì mìíràn, mo fi òru ràn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó ní ṣé òun lè kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ òun. Mo lé e jáde.

Mo ti ra ìwé ìwọ̀n báyìí. Gáùn àkọ́kọ́ ṣì wà lára ìṣó, léèsì yẹ́lò, tàbí pupa tó bá jẹ́ èmi lẹ bi. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá jẹ́ 34, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 44, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà ní Òkè-Àdó. A ó jọ sọ iye rẹ̀.