Bọ̀dá Àtíìsì

Ẹ bi Bọ̀dá Àtíìsì léèrè rẹ́kọ́ọ̀dù tó ní òun ń gbé jáde lọ́dún tó kọjá, á ní àwòrán ni kò jẹ́ kóun ráyè. Ẹ ní kó mú àwòrán wá kẹ́ ẹ wò ó, á ní orin kan ló já lu òun lóru, lòun bá pa búrọ́ọ̀ṣì tì.

Yàrá rẹ̀ l'Óṣogbo ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Àwòrán Ọ̀ṣun kan wà lára ògiri tí ojú rẹ̀ ṣì ku ẹyọ kan. Okùn gìtá tó já ló fi gbé e kọ́. Ó ní márùn-ún tó kù ti tó fún irú orin tòun. Ṣòkòtò jíìnsì tí ọ̀dà ta sí ló ń wọ̀ lọ òde ìyàwó, kí wọ́n má baà ṣì í mú fún akọ̀wé. Mo mọ ọ̀dà búlúù orúnkún ṣòkòtò yẹn dáadáa: géètì àdúgbò wa ló fi kùn. Géètì ọ̀hún dára, kí n má purọ́. A ní a ò ní sanwó àfi tó bá parí, ó sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a wí, abẹ́ orúkọ Twins Seven Seven, gbajúmọ̀ ayàwòrán Òṣogbo, ló ń sá sí. Lóòótọ́, ijó àti orin ni Twins bá wọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo l'Óṣogbo, kí Georgina Beier tó fi iṣẹ́ àwòrán hàn án lọ́dún 1964. Nígbà yẹn, Muraina Oyelami náà ń lùlù, ó ń ṣe tíátà lọ́dọ̀ ọ̀gá òṣèré Dúró Ládípọ̀, ó tún ń yàwòrán. Jimoh Buraimoh ń bójú tó iná orí ìtàgé Dúró Ládípọ̀, ó sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn wà nílẹ̀ téèyàn lè fọwọ́ kàn. Lọ́dún 2005 tí UNESCO fi Twins joyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà, kì í ṣe orí àwáwí ni wọ́n ti rí i.

Lóṣù tó kọjá, baba onílé wá gbowó ilé.

“Baba, ẹ gba Ọ̀ṣun yìí. Tó bá dọ̀la, mílíọ̀nù ni.”

“Ọ̀ṣun olójú kan? Owó mi dà?”

Ló bá fa gìtá yọ, ó da oríkì bo baba. Baba jó, ó lẹ ₦200 mọ́ ọn níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ilẹ̀ mọ́, baba tún dé pẹ̀lú ìwé gbèsè: owó ilé oṣù mẹ́fà, àti ₦200.