Lẹ́tà Ṣíṣí sí Eku Funfun inú Láàbù

Eku funfun olójú pupa, ọmọ ìran BALB/c,

Bí ọ̀rọ̀ mi bá le, má bínú. Àwọn tí ikọ́ ife ń dà láàmú ló rán mi sí ọ.

Ní 2004, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, wọ́n bi ẹ̀yin eku ní ìbéèrè kan. Oṣù mẹ́fà gbáko ni a fi ń lo oògùn ikọ́ ife nígbà náà. Bí a bá yọ isoniazid kúrò lára àwọn oògùn náà, tí a fi moxifloxacin rọ́pò rẹ̀, ṣé oṣù mẹ́rin kò ní tó? Ẹ ní ó tó. Ẹ tilẹ̀ fi ẹ̀dọ̀fóró yín búra: wọ́n dá oògùn dúró, wọ́n ní sùúrù fún oṣù mẹ́ta, wọ́n wá lọ ẹ̀dọ̀fóró náà kúnná, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àwo tí kòkòrò ti ń hù, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ohunkóhun kò hù.

Inú ayé dùn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ aláìsàn 1,931, èsì sì jáde ní 2014. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo oògùn oṣù mẹ́fà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, 92 ni ọ̀rọ̀ wọn yọrí sí rere. Àwọn tó lo ti oṣù mẹ́rin tí kò ní isoniazid, èyí tí ẹ̀yin gan-an fọwọ́ sí ńkọ́? 80 péré. Kòkòrò tètè pòórá nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí oògùn tán, àìsàn padà wá ká àwọn kan nínú wọn mọ́lé. Lọ́dún yẹn náà ni oṣù mẹ́rin mìíràn, ti gatifloxacin, forí ṣánpọ́n ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà márùn-ún, Benin sì wà lára wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti ń bá òkété wí pé ó bá Ifá mulẹ̀, ó da Ifá. N kò mọ̀ pé ìwà ìdílé ni.

Mo wá yẹ inú àyà rẹ wò, àṣírí sì tú. Bí kòkòrò yìí bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ènìyàn, ara á mọ odi yí i ká. Àárín odi náà á kú, á rọ̀ bíi wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé ibẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń sá sí. Ìwọ kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń gbé kòkòrò mì ni tìrẹ ń gbé, oògùn sì ń bá wọn nílé nígbàkúùgbà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ yẹ ègé ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gé lára àwọn aláìsàn wò, láti mọ ibi tí oògùn kọ̀ọ̀kan dé. Moxifloxacin kún ara odi bámúbámú, ṣùgbọ́n nígbà tó kan àárín, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Rifampicin àti pyrazinamide wọlé. Ìwọ tí kò ní yàrá, báwo ni wàá ṣe mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà?

Iyì tìrẹ náà wà níbẹ̀ o. Pyrazinamide yẹn, bí omi inú ìgò àyẹ̀wò kò bá kan, kòkòrò kì í kà á sí. Ara eku ni wọ́n ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ní nǹkan bí 1952. Oògùn bedaquiline náà gba ọwọ́ rẹ kọjá. Nígbà tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ pretomanid àti linezolid fún àwọn aláìsàn 109 ní South Africa, tí ikọ́ wọn ti gbójú sí oògùn, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìwòsàn. Kódà oṣù mẹ́rin wá ṣeé ṣe ní 2021, nígbà tí rifapentine bá moxifloxacin rìn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ náà kò mọ́ tónítóní. Ẹ̀rí guinea pig ni onímọ̀ Robert Koch gbà gbọ́ ní 1890 tó fi kéde tuberculin bí oògùn. Kò wo ènìyàn sàn. Ọ̀bọ súnmọ́ wa jù lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó oúnjẹ rẹ̀? Ehoro ń dá ihò sí ẹ̀dọ̀fóró bíi tiwa. Ìbátan rẹ kan sì wà, C3HeB/FeJ (ta ló tilẹ̀ ń sọ yín lórúkọ?), tí àyà tirẹ̀ ń mọ odi, tó sì ń rọ̀ láàárín. Òkété tí mo bú lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ní Tanzania, àwọn ìbátan rẹ̀ ń fi imú wá ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún àjọ APOPO, wọ́n sì ń rí àwọn tí awò láàbù fò dá.

Ìdájọ́ mi rèé. Kí wọ́n má lé ọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́: o kéré, oúnjẹ rẹ kò wọ́n, ìdáhùn rẹ sì máa ń yá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí wọ́n bá bi ọ́ pé oṣù mélòó ló tó, wí tìrẹ, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n bi C3HeB/FeJ àti ehoro pẹ̀lú. Ẹ̀rí ìwọ nìkan kò tó láti fi gé oṣù méjì kúrò nínú oògùn ọmọ ènìyàn.