Afọ́nilójú-má-tọrọ-gáfárà: Oríkì Iná Iwájú Jíípù

Ìbà ni n ó kọ́kọ́ jú, Afọ́nilójú-má-tọrọ-gáfárà. Bí mi ò bá júbà, o lè kọjú sí mi, kí n má rí ìwé ọwọ́ mi kà mọ́. Ìbà ìwọ glóòbù LED funfun báláú, tí wọ́n kì bọ ojú Hilux ní ọjà Ládípọ̀ lọ́sàn-án, tí àkùkọ àdúgbò kọ lóru, tó rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìbà fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ ní ìdí. Ìbà rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó tú ọ sílẹ̀ sáàárín wa.

Asọ-òru-dọ̀sán fún olówó rẹ̀,
Asọ-òru-dòkùnkùn fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán,
Ọ̀kan-ń-ríran-ogún-ń-fọwọ́-bojú,
Mo kí ọ, mo fi ọwọ́ bo ojú kí ọ.

Ó yẹ kí a ka ìran tó bí ọ, kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní ọmọ àlè. Ìran onírẹ̀lẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, láti 1940 títí di 1983, inú àdìpọ̀ kan ṣoṣo ni glóòbù àti dígí iwájú ọkọ̀ jọ wà. Bó bá kú, odidi rẹ̀ lẹ ó yọ sọnù. Ní 1962, àwọn ará Yúróòpù gbé H1 jáde, glóòbù halogen àkọ́kọ́ fún ojú ọkọ̀. Ní 1971, bàbá rẹ àgbà H4 dé, onílé-kan-oníwáyà-méjì: ọ̀kan fún fúùlù, watt 60; ìkejì fún dímù, watt 55. Bàbá H4 mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó fi àwo kékeré kan bo abẹ́ wáyà dímù, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta sókè wọ ojú ẹni tó ń bọ̀. Nítorí ojú àlejò ni bàbá ṣe wọṣọ. Ìwọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́? O bọ́ sóde ní ìhòòhò, o ní ọ̀làjú ni.

Oyè tó wà lára páálí rẹ pọ̀ ju ti ọba aládé lọ. Lumen 20,000! Watt 200! Kelvin 6500! Omi ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, eruku ò gbọdọ̀ kàn ọ́! Glóòbù halogen tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, lumen bíi 1,000 sí 1,500 ló ń mú wá, kò sì pariwo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí rewáyà má ṣèèṣì fi míta wọn ọ́ o. Watt 200 tó wà lára páálí lè di 30. Àádọ́sàn-án tó kù wà lọ́dọ̀ ẹni tó tẹ páálí.

Aláṣeéjù-lórí-páálí,
Ọlọ́lá tí í jẹ́ igba lọ́jà, tí í jẹ́ ọgbọ̀n nílé.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́ ní ń bú ọ pé agbára rẹ ló pọ̀ jù. Wọn ò kì ọ́ dáadáa. Ibi tí o jókòó sí gan-an ni ọlá rẹ wà. Awo dídán tó wà nínú iná Hilux, wáyà halogen tín-ín-rín ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún, wáyà tó dúró sí ojú kan pàtó. Bó bá yẹ̀ ní mílímítà kan péré, ìmọ́lẹ̀ ti ṣìnà. Ìwọ wá dé, o gbé ìdí pẹlẹbẹ lé àga ẹlòmíràn. Ni awo náà bá ń fọ́n ọ káàkiri: díẹ̀ sílẹ̀, díẹ̀ sórí igi agbálùmọ̀, èyí tó pọ̀ jù sí ojú dírẹ́bà tírélà. Owó tí olówó rẹ san láti fi ríran, ojú ẹlòmíràn ló ń ná an fún.

Jagunjagun òpópónà Èkó sí Ìbàdàn! Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Ìwọ náà ò mẹni ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè ọ́. Dírẹ́bà tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà bíi 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fọ́ ọ lójú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ó ti fi ojú àìríran wa ọkọ̀ kọjá mítà 80. Kòtò lè wà nínú mítà 80 yẹn. Tírélà tó bàjẹ́, tó jẹ́ pé ewé tútù nìkan ni wọ́n fi sàmì sí i, lè wà níbẹ̀. Ìyá tó ń sọdá pẹ̀lú ẹrù lórí lè wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń wakọ̀ náà bá sì jẹ́ àgbàlagbà, ojú rẹ̀ kì í tètè padà bọ̀ sípò bíi ti ọ̀dọ́. Kí ni tìrẹ níbẹ̀? O ti kọjá lọ, o ń tàn.

Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sọ pé olówó rẹ nìkan lò ń ṣe lóore. O kì í ṣe ojúsàájú, o ń gbá òun náà lójú. O tàn sí ilẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ débi pé ọmọlójú rẹ̀ súnkì. Ọ̀nà tó jìn sì ṣókùnkùn sí i. Bí ọyẹ́ bá gbé eruku dé, tàbí òjò ńlá dà, èyí tí o fọ́n sókè a yí padà wá bá òun fúnra rẹ̀, ògiri funfun a dúró níwájú rẹ̀. Bó bá ní kí òun fi rédíò tu ara rẹ̀ nínú, àwọn ẹ̀yà rẹ tí kò wọ́n lọ́jà máa ń bu ariwo bo ilé iṣẹ́ FM mọ́lẹ̀. Ìwọ ò fẹ́ kí wọ́n ríran, o ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Mo kí àbúrò rẹ náà, Gbọọrọ-orí-òrùlé, iná gbọọrọ tí wọ́n ń so sórí òrùlé jíípù fún ọ̀nà oko. Òun ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe: nínú igbó, lójú ọ̀nà oko kòkó tí ẹnikẹ́ni kò ti pàdé yín, ó lè fẹ̀ fún kòtò ìtòsí, ó lè nà tààrà fún ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gun ọ̀dà, ó yẹ kó kú, kí wọ́n sì da ìbòrí bò ó. Ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lo kọ́ ọ ní ìwàkiwà, ó ń tàn títí dé Ojota ní Èkó.

Mo kí ẹni tó gbé ọ gun ẹṣin. Ó fi sípíríǹgì gíga gbé Hilux sókè, o wá ga tó ojú àwọn tó wà nínú Corolla. Ó tún kó àpò símẹ́ǹtì sí ẹ̀yìn. Ìdí ọkọ̀ rọ̀, imú rẹ̀ yọrí sókè, kò sì rántí pé ó yẹ kí wọ́n tún ọ dorí kọlẹ̀. Báyìí lo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìràwọ̀.

Mo kí ìbátan rẹ tó tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ lọ́hùn-ún, nítorí náà iná dímù wọn a máa yọ ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ sí apá òsì, kó lè fi ẹ̀gbẹ́ títì hàn. Ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 la ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Iná tó ń fi ẹ̀gbẹ́ títì hàn ní London, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń fi hàn ní Ṣàgámù. Ó mọ́ tónítóní, kò wọ́n, alápá òsì ni.

Kò sí alágbára tí kò ní èèwọ̀. Jẹ́ kí n ka tìrẹ sí gbangba, kí àwọn tó fẹ́ rà ọ́ lè gbọ́.

Èèwọ̀ rẹ ni ògiri. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bíi mítà méje àbọ̀ sí ògiri, tí wọ́n tan dímù, iná ọmọlúwàbí a fa ìlà kan tó mọ́ ketekete, tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí iná ga dé. Ìwọ a kun ògiri láti ìsàlẹ̀ dé àjà.

Èèwọ̀ rẹ ni lẹ́tà E inú òbìrí tí wọ́n fín sára dígí iná. Àmì pé wọ́n ti yẹ odidi iná wò ni, pẹ̀lú irú glóòbù tí wọ́n ṣe é fún. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sára páálí kò gbà ọ́ là. Ní Ìlú Ọba, láti 2021, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ki LED bọ inú iná halogen rẹ̀ kì í yege àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MOT.

Èèwọ̀ rẹ ni odidi iná tí wọ́n ṣe fún LED láti ilé iṣẹ́, tí awo àti dígí rẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ́mọ. Nínú ilé tirẹ̀, LED kì í ṣe ìpátá.

Èèwọ̀ rẹ tó burú jù ni sáǹpépà tín-ín-rín àti omi. Ojú iná tí oòrùn ti sọ di pupa rúsúrúsú ló ń lé ènìyàn wá bá ọ. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n dán an, tí wọ́n fi halogen tuntun tó dára sí i, tí rewáyà sì tún wáyà ilẹ̀ tó ti dípẹtà ṣe, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ní ohun tí wọ́n ń wá ní ìsọ̀ rẹ mọ́.

Ẹ̀yin olówó jíípù, ẹ̀yin ọlọ́jà Ládípọ̀, ẹ̀yin rewáyà wa, oríkì náà parí. Asunrárà kì í lọ lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n náírà kọ́ ni mo ń bèèrè. Ẹ wọn iná yín lára ògiri. Bí ẹ bá sì pàdé mi lójú títì lálẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dímù.