Ohùn Tí Kò Gbọ́ Àmín

Ẹ̀gbọ́n mi pé àádọ́ta ọdún, wọ́n gba gbọ̀ngàn kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ní kí n fi kọ̀ǹpútà mi ṣeré díẹ̀ kí DJ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe fújì. Ìlú Òyìnbó ni Bọ̀dá ti ṣe ọ̀dọ́, progressive house ló sì ń jó nígbà náà, irú èyí tí àwọn DJ bíi Sasha àti John Digweed fi ń kó kíláàbù láyà jẹ láwọn ọdún 1990. Mo ní kò burú. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Èmi kì í ṣe olórin. FL Studio ni mo ní, èyí tí àwa ọmọ Nàìjíríà kò yé pè ní Fruity Loops, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kékeré kan tí à ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyókù, owó ni mo fi rà á: odindi àpò preset tó kún fún ohùn progressive house. Mo wá sọ fún gbogbo ẹbí pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe àwọn ohùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí mi ò lè mú un mọ́ra. Preset kì í ṣe orin. Ẹnìkan ló yí gbogbo bọ́tìnnì ara synthesizer, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ohùn, títí ohùn fi dùn, tó wá ní kí ẹ̀rọ rántí ibi tí òun yí wọn dé. Láyé Minimoog tó jáde ní 1970, ẹ̀rọ kò rántí nǹkan kan. Bí ohùn bá dùn mọ́ ọ, bíírò àti ìwé ni. Ìgbà tí Prophet-5 dé ní 1978, tó lè fi ogójì ohùn pamọ́ sínú, ni ọ̀lẹ bíi tèmi ríbi fara pamọ́ sí.

Ohùn ńlá tó máa ń kún inú progressive house, JP-8000 tí Roland ṣe ní 1996 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká: ìgbì ohùn méje ń ké pọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ wọ́n kúrò lórí ara wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tí kò sí ẹni méjì tí ohùn wọn bára mu tán. Ó wá ku asẹ́, ìyẹn filter. Asẹ́ ló ń dí èyí tó ń han létí nínú ohùn náà. Bí o bá ń ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn á máa là bọ̀ bọ̀ bọ̀. Ìṣísílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀mí progressive house. Orin Strobe tí deadmau5 gbé jáde ní 2009 lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì kánjú rárá.

Preset tí mo yàn ní arpeggiator nínú. O tẹ kọ́ọ̀dù kan, á tú u ká, á máa ta nóòtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ó tún ní hold, ìyẹn ni pé bí o bá gbọ́wọ́ kúrò, kò ní dúró. Èmi ò mọ̀. Nílé, tí mo bá ṣe tán, gbogbo ètò náà ni mo máa ń pa. Mo rò pé gbohùngbohùn inú rẹ̀ ló ń fà á gùn.

Ọjọ́ àríyá pé. Mo tẹ kọ́ọ̀dù mi. Bọ̀dá nìkan ló ń jó, ó dijú, inú rẹ̀ dùn. Àwọn ìyá wa tó wé gèlè ń wo sípíkà bóyá ó ti bàjẹ́. Níbẹ̀ ni olùdarí ètò gbé gba màíìkì pé kí a dìde, Bàbá Alàgbà fẹ́ gbàdúrà.

Mo gbọ́wọ́ kúrò. Ohùn kò dúró. Ìlù 126 ní ìṣẹ́jú kan, nóòtì bíi mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: pín-pín-pín-pín! Mo tẹ kọ́ọ̀dù mìíràn kí tàkọ́kọ́ lè lọ. Ó lọ lóòótọ́. Èkejì gorí àlééfà. Ìka mi gbá wíìlì ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù, asẹ́ ṣí gbayawu, ariwo gba gbogbo gbọ̀ngàn. Mo fa wáyà kíbọ́ọ̀dù yọ. Ẹ gbà mí! Kọ̀ǹpútà ló ń ké, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù, a ò sì wá lè dá asẹ́ padà mọ́. Mo ní kí n pa ètò náà bí ti ilé. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ fi iṣẹ́ mi pamọ́. Iṣẹ́ wo? Ojú mi ti ṣú, Cancel ni mo tẹ̀.

Bàbá kò tilẹ̀ ṣíjú. “Ariwo ọ̀tá tí kò fẹ́ dákẹ́ lórí ilé yìí,” ni wọ́n wí, “Olúwa á pa á lẹ́nu mọ́!” “Àmín!” Pín-pín-pín. “Mo ní á pa á lẹ́nu mọ́!” “ÀMÍN!” Pín-pín-pín-pín.

DJ ti lọ jẹun. Mo sáré sídìí míṣà rẹ̀, mo fa bọ́tìnnì kan wálẹ̀. Màíìkì Bàbá ni. Ẹnu wọn ń lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan, progressive house nìkan ló ń gbàdúrà. Ọmọ kékeré kan tó mú kéèkì lọ́wọ́ ló rìn wá, ó fa èyí tó yẹ kó fà, ó sì padà sídìí kéèkì rẹ̀.

Nígbà tí mo jókòó, ọmọkùnrin kan tọ̀ mí wá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ohùn yẹn, ìkẹtàdínlógún nínú àpò yẹn ni, àbí? Èmi náà rà á.” Ẹ̀yìn mi ni ìyàwó Bọ̀dá dúró sí.

Èmi ni mo ni ẹ̀bi mi, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí àwọn tó ń ta preset wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n ń fi polówó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà. Nínú orin ìpolówó, ìlù wà níbẹ̀, báàsì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti so ohùn náà mọ́ ìlù débi pé bí ìlù bá ti dún, ohùn á tẹrí ba, á tún dìde. Ìmí yẹn ló ń mú ara ẹni yá gágá. O sanwó tán, o ṣí i nílé, ohùn gbẹrẹfu kan ló dá nìkan jókòó. Orúkọ tí wọ́n fi sọ wọ́n kò sì sọ fún ọ pé hold wà nínú wọn. Ìwà burúkú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà síwájú àwọn àgbà, ẹ wá ibi tí hold wà nínú preset yín, kí ẹ pa á kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ọ̀ràn bá sì ti bọ́ sórí, nínú FL Studio, Ctrl àti H ni kí ẹ tẹ̀ pọ̀. Gbogbo ohùn á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.